Ọmọláńgidi Ni Mo Wẹ̀ Ní Lọ́ńdọ̀nù

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná, bóyá ọkàn mi á balẹ̀: ọmọláńgidi ni. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é. Obìnrin tí ẹ rí nínú sinimá tó gbé ọmọ sókè ní ẹsẹ̀ kan, tí ìyá òyìnbó kan sì sáré wá já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi Ìyá Rísì ti Ìsàlẹ̀ Gángan ni, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi yẹn kò ní ẹ̀jẹ̀ lára. Ojú tó là sílẹ̀ rangandan yẹn, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún.

Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí. Mo sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà. Mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi, tó yẹ kó mọ̀ mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dá mi dúró ní Ẹnu Ọwá, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù?" Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ẹni tó bá tún bi mí léèrè, ìwé ni n ó nà sí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Aṣọ ni mo ń tà, mo sì ń bá ẹgbẹ́ eléré kan ṣeré orí ìtàgé. Ipa ìyá ni wọ́n máa ń fún mi: ìyá ọkọ, ìyá ìyàwó, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ya ìpáǹle. Iṣẹ́ mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò fi mí jẹ ẹ́, ìyẹn ni ìwẹ̀ ọmọ. Bí wọ́n bá ti bímọ nínú agbo ilé wa, èmi ni wọ́n ń pè. Díẹ̀ nínú àwọn tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ ti ń bímọ fúnra wọn báyìí, àwọn náà sì ń ránṣẹ́ pè mí.

Eré kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn òyìnbó ti ń wò lórí ìtàgé, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí gidigidi. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Tọkọtaya akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Èkó gba yàrá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì obìnrin òyìnbó kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìyàwó bímọ. Ìyá ọkọ wá láti Èkó láti wá wẹ ọmọ. Òun àti onílé wá ń fa wàhálà lórí ọmọ, lórí òórùn ata, lórí omi gbígbóná, títí wọ́n fi di ọ̀rẹ́ níkẹyìn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ eré yìí di sinimá, wọ́n ní àwọn ń wá ìyá gidi láti Èkó, nítorí pé ẹni tó ń ṣe ìyá náà lórí ìtàgé kò gbọ́ Yorùbá rárá.

Dáírẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ wá sí Èkó. Ọmọkùnrin tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ sì bo etí. Ó wo àwọn obìnrin púpọ̀. Nígbà tó kàn mí, ó ní kí n bínú fún òun kí òun rí i. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe mí tí n ó fi bínú. Ó ní kò sí, kí n ṣáà bínú. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wá bí mi nínú, mo sì sọ ohun tó wà nínú mi fún un. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Lọ́fílì!" Ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí pé nǹkan náà dára gan-an. Ẹ ó tún gbọ́ ọ.

Kì í ṣe nítorí ọkọ̀ òfuurufú ni mo ṣe gbà. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá náà máa wẹ ọmọ nínú eré. Mo ní ó tán nìyẹn. Gbogbo ayé máa rí bí a ṣe ń wẹ ọmọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọwọ́ tèmi ni wọ́n sì máa ti rí i. Rísìkátù ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ nígbà náà. Tíṣà ni. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣe é dáadáa o. Gbogbo àwọn tíṣà sùkúù wa ló máa wò ó." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ìlú tí wọn kì í kíni

Òtútù tó pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfuurufú, àfi bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n òtútù kò dùn mí tó àìkíni. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì láàárọ̀, mo ní "Gúdù mọ́nìn" fún gbogbo wọn. Ẹnì kan wo bàtà rẹ̀. Ẹnì kan wo ojú ọ̀run. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Mo tún un kí, bóyá wọn ò gbọ́. Nígbà tó yá, mo di ẹni tó ń dúró láìsọ̀rọ̀ bíi tiwọn, inú ara mi sì ń bí mi. Bí ẹni tó tọ́ mi dàgbà bá rí mi tí mo kọjá lára àgbàlagbà láìkí i, yóò ní wọ́n ti pààrọ̀ mi lọ́nà.

Obìnrin tó ni ilé tí wọ́n fi mí wọ̀ sí fi yàrá hàn mí, ó fi ibi tí wọ́n ti ń dáná hàn mí, ó wá fi ilé ìwẹ̀ hàn mí, ó ní, "Sátidé ni tìrẹ." Mo rò pé mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáadáa ni. Mo ní Sátidé ti kí ni? Ó ní ti ìwẹ̀. Mo ní àwọn ọjọ́ yòókù ńkọ́? Ó wò mí bíi pé mo béèrè fún orí ọba.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi rò ó. Èmi tí mo ń ṣe àlùwàlá nígbà márùn-ún lójúmọ́. Bí mo bá ti ṣí ẹ̀rọ omi, ó ti kan ilẹ̀kùn: "Ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí. Ó ní páìpù ilé òun ti gbó o. Níkẹyìn, mo lọ ra bàsíà àti kẹ́tùlù, mo ń wẹ̀ nínú yàrá bí ẹni tó ń jalè. Ẹ mọ̀ pé nílé wa, bí ara èèyàn bá ń rùn, a máa ń sọ pé wọn ò wẹ̀ ẹ́ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wa há mọ́ ara wa, mo gbé orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní bóyá kì í ṣe ẹ̀bi wọn, bóyá kò sí ìyá àgbà nílé wọn.

Ẹ má wá rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n o. Lọ́jọ́ tí mo ru ẹrù bọ̀ láti ọjà, ọkùnrin kan gba àpò lọ́wọ́ mi níbi àtẹ̀gùn, ó gbé e dókè fún mi láìsọ ohunkóhun. Mo la ẹnu pé kí n ṣàdúrà fún un, ó ti lọ. Ìyẹn náà bí mi nínú. Ta ló ń ṣe oore tí kì í dúró gba àdúrà?

Ẹ wá jẹun

Ibi tí a ti ń ya sinimá náà, ilé ńlá kan ni tí kò ní fèrèsé. Wọ́n kọ́ ilé mìíràn sínú rẹ̀, yàrá tó ní ògiri mẹ́ta péré, kí kámẹ́rà lè rí wa láti ìhà kẹrin. Oúnjẹ ibẹ̀ jẹ́ ọ̀dùnkún bíbọ̀ tí wọ́n fọ́, tí wọ́n sì tún fi òmíràn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹran tí wọ́n ń gbé wá, ẹlẹ́dẹ̀ ni lọ́jọ́ tó pọ̀. Mo ní mi ò lè jẹ ẹ́. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n fún mi ní ẹyin. Lọ́jọ́ kejì, ẹyin. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé abọ́ tèmi wá: ìrẹsì, ata tí mo gbé láti ilé, àti ẹja gbígbẹ tí àwọn aṣọ́bodè ti gbóòórùn rẹ̀ títí tí wọ́n fi fi í sílẹ̀ fún mi.

Mo ṣí abọ́. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú iná ń kọjá lọ, ojú wa ṣe mẹ́rin. Kí ni ọmọ èèyàn máa ṣe? Mo ní, "Ẹ wá jẹun."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá pè á ní, "Á gba ibi ire," yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí jókòó. Ó fa àga mọ́ mi, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó ní òun dúpẹ́ gan-an, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ata mú un, omi ń dà lójú rẹ̀, kò dúró. Ó jẹ ẹja. Ó jẹ ìsàlẹ̀ abọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó mú fọ́ọ̀kì tirẹ̀ wá láti ilé.

Mi ò lè sọ pé mi ò fún un mọ́, mi ò sì lè jẹun lójú èèyàn kí n má pè é. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mò ń lọ jẹun lẹ́yìn àwọn pátákó tí wọ́n fi ṣe ògiri. Èmi ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ń sá jẹun. Ó dùn mí ju bí ó ti yẹ kó dùn mí lọ.

Ìdajì ìwẹ̀

Obìnrin tó ń ṣe onílé nínú eré ń jẹ́ Mísì Dọ́rà. Ó jù mí lọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, tíì kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ti ń ṣe ipa náà látìgbà tó wà lórí ìtàgé. Mo fẹ́ràn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò fẹ́ fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni mo ti há sórí láti Èkó. Ohun tí wọ́n kọ nípa ìwẹ̀ kò hàn sí mi, àfi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò. Dáírẹ́kítọ̀ ní kí n jókòó sórí àpótí, kí n gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, kí n rẹ ẹ́ lọ́ṣẹ. Mo ní ó dára. Kí n gbé e sókè ní ẹsẹ̀ kan. Mo ní ó dára. Nígbà náà ni Mísì Dọ́rà máa ṣí ilẹ̀kùn, á figbe ta, á já ọmọ gbà, á fi tówẹ́ẹ̀lì wé e, á sì sáré gbé e lọ ìsàlẹ̀. Èmi á wá jókòó síbẹ̀, kànrìnkàn lọ́wọ́, n ó ní, "Ọmọ mi dà?"

Mo dúró kó máa bá a lọ. Kò bá a lọ.

Mo ní, "Ìgbà wo la ó wá parí ìwẹ̀ ọmọ náà?"

Ó ní, "Kò sí ìparí, Mámà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà."

Mo rọra ṣàlàyé fún un, nítorí mo rò pé àìmọ̀ ni. Mo ní ọmọ máa ń ké bí a bá ń wẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ké. A ó fà á lápá, a ó fà á lẹ́sẹ̀ kí oríkèé rẹ̀ lè là, a ó gbé e sókè, a ó jù ú díẹ̀, a ó hán an, kó má baà di ẹni tí ẹ̀rù ń bà ṣáá. Lẹ́yìn náà ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni òrí. A ó fi aṣọ tó gbóná díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níbi tó yẹ, ìyá rẹ̀ á fún un lọ́mú, ọmọ á sùn débi pé ẹ ó máa fi ọwọ́ sí i nímú kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn ná. Tí Mísì Dọ́rà bá wá rí i pé ó ti sùn, kó wá yà á lẹ́nu. Ẹni tó bá rí ìdajì ìwẹ̀, ìyà ló rí."

Ó gbọ́ mi títí dé òpin. Ó ní, "Lọ́fílì. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tó bá dára, "Lọ́fílì, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Ohun tí kò dára, "Lọ́fílì, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Mo bá a fà á lọ́jọ́ náà, mo bá a fà á lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún un pé ilé wa ni wọ́n máa ti wò ó, pé àwọn tí mo wẹ̀ wà láyé. Ó ní sinimá náà ti gùn jù. Mísì Dọ́rà ní kí n má bínú, pé gbogbo ìgbà tí òun bá ti já ọmọ gbà lórí ìtàgé ni àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àwọn èèyàn ta ni?" Ó bu tíì fún mi.

Ọmọ Fọlákẹ́

Wọ́n ní ọmọ gidi ni àwọn máa lò fún ti omi àti ọṣẹ, kí àwọn wá fi ọmọláńgidi rọ́pò rẹ̀ nígbà tí mo bá fẹ́ gbé e lẹ́sẹ̀. Ọmọ tí wọ́n rí, ti ọmọbìnrin Ìjẹ̀ṣà kan ni, tí ọkọ rẹ̀ ń kàwé. Fọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó wọlé, ó rí mi, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù náà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ẹ̀yin ò lè mọ bó ṣe rí lára mi. Omi lé sí mi lójú. Mo fà á dìde, mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fọwọ́ kan èjìká ọmọ náà, mo fọwọ́ kan ìtàn rẹ̀. Ara rẹ̀ ká jọ.

Mo ní, "Ta ló ń bá ọ wẹ ọmọ?"

Ó ní, "Èmi náà ni mà. Nọ́ọ̀sì ló fi hàn mí. Wọ́n ní kí n máa fi òwú nu ún lójú àti nídìí."

"Òwú."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Mọ́mì mi wà ní Iléṣà, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ wá. Èmi ni àbíkẹ́yìn, mi ò tíì rí i bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ rí."

Mo tún fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ọmọ náà.

Wọ́n tan iná. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo gbé ọmọ lé e. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ti fi ìgúnpá tọ́ ọ wò. Mo rẹ ẹ́ lọ́ṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ń kì í ní oríkì tí mo mọ̀, èyí tí mi ò mọ̀ mo dá a sílẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo gbàgbé kámẹ́rà. Ọmọ ló wà lẹ́sẹ̀ mi, ọmọ tí wọn ò wẹ̀ rí. Ó yẹ kí n dúró kí wọ́n gbé ọmọláńgidi wá. Mi ò dúró. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo fà á sókè.

Igbe tí mo gbọ́, mi ò mọ̀ pé ti Mísì Dọ́rà ni. Kì í ṣe igbe eré. Kò tíì kàn án láti wọlé, ó ti wọlé. Ó di ọmọ náà mú níbàdí, ọṣẹ ń yọ̀, èmi ò sì fi sílẹ̀. Àwa àgbàlagbà méjì, ọmọ ọlọ́mọ wà láàárín wa. Fọlákẹ́ ń sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi, àmọ́ ta ló ń gbọ́? Ìgbà tí mo rí i pé ọmọ náà lè já bọ́ ni mo tú ọwọ́ sílẹ̀. Wọ́n wé e ní tówẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ọṣẹ lára, wọ́n gbé e jáde.

Lẹ́yìn náà, dáírẹ́kítọ̀ ní kò sí ọmọ gidi mọ́. Wọ́n gbé rọ́bà fún mi. Ó rẹ̀ mí, inú mi bàjẹ́, mo fẹ́ máa lọ sílé. Mo gbé rọ́bà sókè ní ẹsẹ̀ kan. Mísì Dọ́rà já a gbà. Mo ní, "Ọmọ mi dà?" Dáírẹ́kítọ̀ ní lọ́fílì. Ìgbà yẹn nìkan ni kò ní ká tún un ṣe.

Mo wà nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Fọlákẹ́ ni, ọmọ lẹ́yìn, bàsíà lọ́wọ́ kan, kẹ́tùlù lọ́wọ́ kejì. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ẹ̀. Ọṣẹ ṣì wà lẹ́yìn ọmọ."

Mo wẹ̀ ẹ́. Mo wẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń wẹ ọmọ ní Ìsàlẹ̀ Gángan, mi ò fo ohun kan. Mísì Dọ́rà wá bẹ̀ mí láàárín iṣẹ́ náà, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ gbé e wọlé nígbà tí mo ju ọmọ náà sókè. Kò wọlé. Nígbà tí ọmọ náà mu ọmú tán, tó sùn, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, Mísì Dọ́rà bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?"

Mo ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ó lọ bá dáírẹ́kítọ̀, ó ní ó yẹ kí wọ́n ya èyí sí i. Ó sọ ọ́ fún un níṣojú mi, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Dáírẹ́kítọ̀ ní wọ́n ti tú yàrá náà palẹ̀, àwọn pátákó rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀.

Ilé

Mo padà wálé. Ó pẹ́ gan-an kí sinimá náà tó dé Èkó. Ìdajì agbo ilé wa ló tẹ̀ lé mi lọ wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ń lù mí lẹ́yìn nínú òkùnkùn, wọ́n ní, "Ìyá Rísì, ẹ ò ní pa wá." Nígbà tó dé ibi ìwẹ̀, ilé sinimá dákẹ́. Lójú pátákó funfun ńlá yẹn, rọ́bà náà jọ ọmọ. Mo fẹ́ dìde kí n sọ fún wọn. Kí n tó rí ẹnu sọ ọ́, ojú mi fúnra mi ti wà níwájú wọn, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, ó ń béèrè pé, "Ọmọ mi dà?" Wọ́n sì tún bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ìyàwó ilé kejì bímọ, wọn ò pè mí. Mo rò pé wọ́n gbàgbé. Òmíràn bí, wọ́n ní àwọn ti ní ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́. Mo bi ìyá ọkọ mi, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Àwọn ọmọ ìsìnyí ti ń bẹ̀rù." Èmi tí mo wẹ ọkọ wọn. Ó bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi kí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé fún ọjọ́ mélòó kan, bíi pé mo ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Mo ní kò burú. Rísìkátù ti lóyún, ọmọ tèmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.

Rísì bímọ, ọkùnrin. Wọ́n gbé e láti ọsibítù wá sọ́dọ̀ mi kí n lè tọ́jú wọn. Mo ti gbé omi kaná, òrí wà níbẹ̀, kànrìnkàn tuntun wà níbẹ̀. Mo jókòó. Mo wòkè, mo rí Rísì lẹ́nu ilẹ̀kùn, tówẹ́ẹ̀lì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ó ní, "Màmá, ẹ má gbé e lẹ́sẹ̀ o."

Mo ní, "Jókòó."

"Ẹ má sì jù ú."

"Rísìkátù, ta ló wẹ ìwọ?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n mi ò rántí ìyẹn, Màmá. Sinimá ni mo rántí."

Mo ti rẹ ọmọ lọ́ṣẹ, ó ti ń ké. Mo di apá rẹ̀ mú. Rísì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó fà á, ó na ọwọ́, omi sì wà lójú rẹ̀. Mi ò bá a fà á. Ọmọ rẹ̀ ni. Mo gbé e fún un.

Ó dúró síbẹ̀ láàárín ilé. Ọmọ ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pariwo, ọṣẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lójú, tówẹ́ẹ̀lì ti já bọ́ sínú omi. Ó wo ọmọ, ó wò mí.

"Màmá, kí ni kí n ṣe báyìí?"

Inú ń bí mi débi pé mi ò fẹ́ dá a lóhùn. Mo dìde kúrò lórí àpótí. Mo ní kó jókòó síbẹ̀, kó na ẹsẹ̀ méjèèjì, kó gbé ọmọ lé e. Mo fi bí yóò ṣe gbé ọwọ́ sí i lọ́rùn hàn án. Mo ń bá a wí, ó ń sunkún, ó ń wẹ̀ ẹ́, èmi ń bu omi fún un. Nígbà tó kan ibi tí yóò ti gbé e lẹ́sẹ̀, ó wò mí lójú títí, ó sì gbé e. Ó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi tutù, mo tún lọ gbé òmíràn kaná, ṣùgbọ́n ó wẹ̀ ẹ́ tán.